Àlejò Tó Gba Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa Gbọ́

Èmi ò mọ nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà wá máa bi mí ní ọ̀rọ̀ òkú àti alààyè. Obìnrin tó ń gba àlejò sílé létí òkun ni mí. Ohun tí mo mọ̀ kò ju bí a ṣe ń gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ, àti bí a ṣe ń fi ẹ̀rín wé èébú kí ẹni tí a bú lè dúpẹ́. Àwọn tó mọ̀wé wà nílùú. Àlùfáà wa mọ̀wé. Apòògùn wa náà mọ̀wé, tàbí kó jẹ́ pé jígí ojú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ìkankan nínú wọn kò sí nílé wa. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé Don Álvaro dé kí bọ́ọ̀sì tó dé.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ni. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń wọ Boca del Tule, ìlú wa, lóòjọ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ló sì ń dé, bí awakọ̀ rẹ̀ kò bá dúró jẹun lọ́dọ̀ àlè rẹ̀ lójú ọ̀nà. Aago méjì kò tíì lù tí mo jáde sẹ́yìnkùlé láti ká aṣọ. Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó, ó gbé fìlà lé orúnkún, ó wọ kóòtù dúdú kan tó wúwo bí ẹran. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé àwọn ajá ń fo ilẹ̀ ni, wọn kò lè tẹ̀ ẹ́. Òun kò làágùn.

Mo ní, "Don Álvaro! Ṣé ẹ fò wá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti délé," ló wí.

Mo ti gba àlejò fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti dé, wọ́n máa ń sọ pé ó rẹ àwọn, wọ́n máa ń béèrè ibi tí ilé ìwẹ̀ wà. Kò sí ẹni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ yẹn rí. Nígbà tí aago mẹ́ta lù, mo sáré lọ bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ó ní òun kò gbé òyìnbó kankan lọ́jọ́ náà, àfi bí mo bá fẹ́ ka adìẹ funfun tí ìyá arúgbó kan gbé dání.

Ẹ̀gbọ́n mi Nicolasa, tí a jọ ni ilé náà, ni mo sọ fún. "Bóyá ó bá ọkọ̀ ẹlòmíì wá," ló dá mi lóhùn. "Má bi í, Tencha. Kò dáa kí èèyàn máa bi àlejò ní ọ̀nà tó gbà wọlé."

Bí Nicolasa ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, kò lọ́kọ rí, kò sì wá a. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni yóò pa á. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, á ní kó rọra. Ẹni bá jù ú ní òkò, á bẹ̀rẹ̀, á mú un, á ní ẹ ṣé, ẹ gbà á padà.

Ọkùnrin yìí, Halvor ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹnu ìlú wa ló sọ ọ́ di Álvaro, Don sì ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin. Ó wá láti Kánádà, ibi pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń gbin àlìkámà sí, tí òtútù rẹ̀ ń la igi sí méjì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá lo Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa, á dé ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, á lọ lẹ́yìn ọdún àwọn Ọba Mẹ́ta, tó ń bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù Kíní. Ọjọ́ kejì tó bá dé ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n, mo sì ń pè é ní Edé Bíbọ̀ lójú ara rẹ̀. Á fa ìwé kékeré yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á mi orí. Mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún un ní àárọ̀, kò ní rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a bá ń jẹun ìrọ̀lẹ́ ni á ṣàdédé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Gbogbo ìlú ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni mo ṣáájú wọn.

Àrùn kan ṣoṣo ló ní: ó gba ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn gbọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó béèrè oúnjẹ àárọ̀, mo ní, "Nísinsìnyí." Ọmọ ìlú wa mọ̀ pé "nísinsìnyí" lè jẹ́ ìdajì wákàtí, ó lè jẹ́ ọ̀la, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà pẹ̀lẹ́ láti sọ pé kò sí. Don Álvaro di àwo mú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná fún wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tí mo padà dé láti ọjà, ó ṣì wà níbẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni pé èmi àti ọ̀rọ̀ mi á pàdé láìpẹ́.

Ẹ wá wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìlú bíi tiwa. Bí ẹ bá bi ọ̀kan nínú wa pé ibo ló ń gbé, kò jẹ́ sọ pé "ilé mi." Àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Á ní, "Ilé yín wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa wo ilẹ̀kùn búlúù." Ilé ẹni tó ń béèrè ni, kì í ṣe ilé ẹni tó ń dáhùn. Àlejò wọlé, ilé yín ni. Àlejò ń lọ, ẹ padà wá o, ilé yín ni. Olè nìkan ni a kì í sọ ọ́ fún, a sì máa ń ṣèèṣì sọ ọ́ fún òun náà. Èmi ti fi ilé yìí ta èèyàn lọ́rẹ tó irinwó ìgbà, inú rẹ̀ náà ni mo ṣì ń sùn.

Ní oṣù Kíní ọdún tó kọjá, nígbà tí Don Álvaro ń lọ, mo sọ tèmi ní ibùdókọ̀ bí mo ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ náà, ó ṣí fìlà. Ó ti kọ́ gbólóhùn kan sórí, mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń mì kó tó là á. Ó ní, "Ilé tèmi náà, ilé yín ni."

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ní, "Kí ni n óo fi ilé olótùútù ṣe? Ṣé kí n lọ di ẹran inú firíìjì ni?" Gbogbo ibùdókọ̀ rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀. Nicolasa, tí kò lè rí ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí nílẹ̀ kó má gbé e, ló dáhùn: "A dúpẹ́ o, Don Álvaro. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀." Don Álvaro wò ó, ó tún wò mí, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó wọ ọkọ̀.

Ó dára. Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù Kejìlá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta tó dé, mo gbá yàrá rẹ̀. Omi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tó ago kan. Mo gbójú sókè, òrùlé kò jò. Òjò kò rọ̀ láti oṣù Kẹwàá. Mo fi ìka kàn án, ìka mi kú. Mo fi kan ahọ́n. Ìlú etí òkun nìyí, kò sí omi tó ń sun wọlé wa tí kì í ṣe oníyọ̀. Omi yìí kò ní iyọ̀. Ó ń run irin àti koríko gbígbẹ. Mo nù ún. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì nà gbọnrangandan bí mo ṣe tẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó sùn sórí rẹ̀.

Kì í jẹun. Á gbé tòtílà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wa, sójú, á gbóòórùn rẹ̀, á ní ẹ ṣé, á sì gbé e padà. Òórùn yìí dùn mọ́ ọn débi pé ojú ń ti mí láti máa wò ó.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo wọ ilé ìdáná mi ní aago mẹ́fà àárọ̀ láti gbé kọfí kaná. Ó ti jókòó sí ìdí tábìlì, ní àga tí bàbá mi máa ń jókòó sí. Ó dìde fún mi. Ó na ọwọ́ sí àga kejì, ó rọra wí pé, "Ẹ wọlé, ẹ má ṣe àjèjì. Ẹ ṣe bí ilé yín."

Èmi Hortensia, tí gbogbo ayé ń pè ní Tencha, tí wọ́n bí sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn! Mo fẹ́ fi èébú wẹ̀ ẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ ṣeun, mi ò ní pẹ́." Mo sì jókòó sí ṣónṣó àga bí ẹni tó wá tọrọ iná.

Láti ọjọ́ náà ni Nicolasa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ara rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ óo bá ara yín níhòòhò ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá òun lè lo ìgò iyọ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni bọ́ọ̀sì ń kúrò nílùú yìí, bí ẹni tí kò gbé etí òkun rí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, mo bá a lójú fèrèsé, ó ń wo òkun, àwọn ẹyẹ òfú ń já lulẹ̀ sínú omi lẹ́yìn ẹja. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Àárò ilé ló ń sọ mí, Tencha."

"Ilé wo?"

"Ilé mi," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Abà pupa wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó sí ìdí fèrèsé, á rí adágún. Ó funfun báláú títí dé òpin ojú, àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Tencha, o ò mọ bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ tó. Mo ti pẹ́ jù níbí."

Ibi tó jìnnà jù tí Nicolasa dé láyé ni ilé ìwòsàn tó wà ní wákàtí méjì sí wa. Kò rí òjò dídì rí àfi lára káàdì Kérésìmesì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí ẹja ọjà. Nígbà tó mí, èéfín jáde lẹ́nu rẹ̀, nínú ooru ọ̀sán, lójú mi báyìí.

Ní ọjọ́ kejì ni fóònù dún. Ọmọ Don Álvaro obìnrin ni, Signe. Ó gbọ́ èdè wa díẹ̀, ó ń bá àwọn ará ilẹ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ oko lọ́hùn-ún ṣe ìwé. Ó ní òun ń pè láti jẹ́ kí a mọ̀ pé bàbá òun kò ní lè wá lọ́dún yìí. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá. Ọkàn rẹ̀ ló dúró. Ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ, mo ní ẹ kú ìrọ́jú, mo sì gbé fóònù sílẹ̀, nítorí mo lè rí bàbá rẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Ó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bí mo ṣe ń wò ó, ó ṣàdédé mi èjìká, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ tí mo ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni, lórí bàtà àlùfáà.

Mo yẹ kí n bẹ̀rù. Mo bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n irọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi yìí: inú mi kọ́kọ́ dùn pé ó gbọ́ ọ.

Mo jáde lọ bá a. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: Don Álvaro, ẹ jọ̀wọ́, ilé yìí kì í ṣe ilé yín. Ọ̀rọ̀ kékeré. Mo la ẹnu, mo ní, "Don Álvaro, ilé yìí…" ó gbójú sókè, ojú aláwọ̀ omi yẹn, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi ń parí rẹ̀: "…ṣé ó ń tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn púpọ̀," ló wí. "Nicolasa náà á fẹ́ràn tèmi. Lẹ́yìn orin Kérésìmesì ọjọ́ kẹrìnlélógún, n óo fi ọ̀nà hàn án."

Mo sáré lọ bá Doña Fidencia, ọ̀rẹ́ mi tó ń se tamal, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àgbàdo wa, tà, tí ohùn rẹ̀ ń ṣáájú orin ní ìlú wa. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi mí ṣẹ̀sín, èyí tó dẹ́rù bà mí ju òkú lọ.

"Lé e jáde nígbà náà," ó ní.

"Ẹnu mi ò gbà á. Ìwọ wá bá mi lé e."

"Èmi kẹ̀? Kí wọ́n máa sọ pé Fidencia lé àlejò ní Kérésìmesì? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó ń fi háhá àgbàdo wé tamal, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. "Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni mí, Tencha. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nílùú yìí sọ fún àlejò pé ilé yìí kì í ṣe tìẹ. Àfi nínú orin."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. A wo ara wa.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ kẹrìndínlógún títí dé ọjọ́ kẹrìnlélógún, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí oòrùn bá ti ń wọ̀, àwọn ará àdúgbò á kọrin tọrọ ilé fún Màríà àti Jósẹ́fù. Èyí tó pọ̀ jù wà níta pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn ìyókù wà nínú ilé, wọ́n ń lé wọn: kò sí àyè, ẹ máa lọ, a ò mọ̀ yín rí. Lẹ́yìn tí a bá lé wọn tó, a óo dá wọn mọ̀, a óo ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọdé á ya wọlé lọ fọ́ ìkòkò tí a kó mindinmíìndìn sí. Ẹnikẹ́ni kì í bínú pé a lé òun bẹ́ẹ̀. Gbogbo "rárá" tí a kò lè sọ láti oṣù Kíní, inú orin yẹn ni a ń kó o dà sí. Ilé wa ló kan ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Don Álvaro kì í sì í dúró sínú ilé rí. Òde ló máa ń wà pẹ̀lú àbẹ́là, nítorí ẹsẹ orin àwọn ará òde nìkan ló mọ̀.

Mo ní, "Ẹni tó gba 'ilé yín ni' gbọ́, ó yẹ kó gba 'kì í ṣe ilé yín' gbọ́."

Fidencia ní, "Bí kò bá gbà á ńkọ́?"

Mo dìde, mo lọ ka àbẹ́là.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, ojú ọ̀run pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Mo há àbẹ́là fún àwọn tó ń lọ síta. Don Álvaro gba tirẹ̀, ó ní ẹ ṣé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Nicolasa na ọwọ́. Ó ti wọ súwẹ́tà mẹ́ta léra wọn, báàgì kékeré wà lápá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, inú ilé lẹ máa ń wà."

"Àwọn onílé ló ń wà nínú ilé," ó wí, pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. "Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí lálejò, Tencha. Ẹ tọ́jú mi dáadáa." Ó pè mí ní "ẹ." Èmi àbúrò rẹ̀, tó fi ọ̀já pọ̀n. Ó bọ́ síta.

Mo ti ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́jọ ló kù nínú ilé. Àwọn ará òde bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ wọn, a sì dá wọn lóhùn pé rárá. Lọ́dọọdún, ẹ̀rín ni mo fi ń kọ apá yẹn, mo máa ń ki èébú bọ̀ ọ́, kí àwọn ọmọdé lè rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo kọ ọ́ bí ó ṣe wà. Láàárín ọgọ́ta ohùn tó wà níta, mo ń gbọ́ ti Halvor. Ó máa ń pẹ́ lẹ́yìn orin, gbólóhùn rẹ̀ ń dé nígbà tí ti àwọn yòókù bá ti tán, bí ẹni tó ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Òtútù gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó kọjá lórí ẹsẹ̀ mi. Ohùn rẹ̀ ti súnmọ́ igi ilẹ̀kùn gan-an. Ó ń tọrọ ilé. Kò ṣeré.

Èmi ló kàn láti dáhùn. Fidencia fi ìgbùnwọ́ gún mi. "Kọrin, Tencha! Lójoojúmọ́ ayé lò ń bú èèyàn, òní ni ahọ́n rẹ fẹ́ ròde?"

Mo fi ẹnu sí àlàfo ilẹ̀kùn. Mo kọ ẹsẹ ìléjáde tó gbẹ̀yìn, èmi nìkan, mo sì fi orúkọ rẹ̀ sí i. Halvor, mo wí, kì í ṣe Álvaro. Mo ní ibí kì í ṣe ilé rẹ. Mo ní máa lọ, má mú ẹnikẹ́ni lọ. Orin ni, nítorí náà ó ṣeé sọ.

Ohùn kan já kúrò nínú orin tó wà níta. Láti ẹ̀yìn igi ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe orin mọ́, ó rọra bí ẹni tó tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀: "Mo gbọ́. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni."

Nígbà náà ni a ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọdé ya wọlé bí omi, lẹ́yìn wọn àwọn àgbà, lẹ́yìn gbogbo wọn Nicolasa. Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀. Ó ń bọ́ súwẹ́tà bí ẹni tí ìjàlọ wọ aṣọ rẹ̀.

"Ta ló wọ gbogbo èyí fún mi? Ooru fẹ́ pa mí! Tencha, o kàn dúró bí ọ̀pó. Fún mi ní omi ìṣápá."

Mo fún un. Ó mu ago mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Mo di ọwọ́ náà mú títí ó fi ní kí n fi òun sílẹ̀. Níta, òpópónà ti ṣófo. Àbẹ́là kan dúró ṣánṣán lórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà, òwú rẹ̀ funfun, iná kò kàn án rí.

Láti ìgbà náà, Nicolasa kò rántí. Bí mo bá dárúkọ Don Álvaro, á ní, "Èé ṣe tí kò wá lọ́dún yìí?" Mo sọ fún un pé ó kú, ó sunkún, ó tan iná fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. Kò sí omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Àga bàbá mi ṣófo. Mo rò pé ó ti padà sí ibi tí wọ́n sin ín sí, pé ó rí ọ̀nà.

Ní ọjọ́ àwọn Ọba Mẹ́ta, Signe tún pè. Ó ní òun kò parí ọ̀rọ̀ òun níjọ́sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo bi í pé ibo ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí, bóyá lẹ́bàá ìyàwó rẹ̀ ni.

"A ò tíì sin ín," ó wí.

Mo ní mi ò gbọ́.

"Ilẹ̀ ti dì. Bó bá ti di oṣù Kọkànlá níbí, ṣọ́bìrì kò wọ ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ń tọ́jú àwọn tó kú sínú abà kan ní itẹ́ òkú, títí yìnyín á fi yọ́. Ó di ìparí oṣù Kẹrin." Ó wá bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń bú bàbá mi?"

Mo ní, "Èwo?"

"Nínú ìwé kékeré rẹ̀, ó kọ gbogbo èébú yín sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ bú u. Ọdún mọ́kànlá. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ó ń kà á fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fi ilé òun lọ ẹni tó ń bú òun, ẹlòmíì ló dúpẹ́, òun kò sì mọ bí a ṣe ń tún irú rẹ̀ ṣe láì ṣe àrífín sí ẹni tó dúpẹ́. Ó ní bóun bá padà dé ọ̀dọ̀ yín, òun á béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nicolasa ń pè mí láti ilé ìdáná pé kí n wá gé búrẹ́dì ọdún. Mo ní nísinsìnyí.

Oṣù Kejì la wà báyìí. Fidencia ní mo ti gbọ́n jù, n kò bú ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ mélòó kan. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mo máa ń dá jókòó sẹ́yìnkùlé, mo sì ń kọ apá tó kẹ́yìn orin náà lábẹ́lẹ̀, apá ìṣílẹ̀kùn, tí a fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wọlé, a ti dá wọn mọ̀. Mo ń kọ ọ́ tán, mo ń tẹ́tí. Òkun nìkan ni. Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kì í padà wá síbi tí wọ́n ti ní kó máa lọ.

Ilẹ̀ tirẹ̀ kò tíì gbà á, ilé tèmi lé e. Títí di ìparí oṣù Kẹrin, ibo ló ń sùn?